Pupa Méjì Lórí Tábìlì Bàámi

Òórùn òjé tó ń yọ́ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ìkòsí. Àwọn ọmọ mìíràn a máa jí sí òórùn àkàrà. Tèmi ni èéfín ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, tó ti da ara pọ̀ mọ́ òórùn tòmátì rírà tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti Mile 12. Rédíò àti tẹlifísàn ni Bàámi ń tún ṣe, nínú yàrá iwájú tó kọjú sí títì.

Ọdún tí mo pé mọ́kànlá, òórùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Ojú Bàámi ti ń ṣú. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn ojú òjé kéékèèké inú ẹ̀rọ ti sá mọ́ ọn lójú. Àwọn oníbàárà ń gbé ẹrù wọn lọ síbòmíràn. Àbúrò rẹ̀ tó ń ta irin àlòkù ní Owódé Onírin ní kó wá máa bá òun ṣọ́ irin, kó kúkú sinmi. Bàámi ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀.

Nígbà náà ni Uncle Rámónì gbé ẹ̀rọ gémù kan wá. Ó ní ilé gémù ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà odò, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti gbó. Wáyà áńtẹ́nà ni àwòrán wọn ń gbà wọ tẹlifísàn, kò sì sígbà tí kì í se ìrẹsì: funfun wẹ́wẹ́ á bo ojú rẹ̀, ọkùnrin tó ń sáré nínú gémù á dà bí ẹni tó há sínú ọyẹ́.

"Bàbá Sìkírá," ó ní, "tí èyí bá clear, ẹ máa ṣe mẹ́rin tó kù. Tí kò bá clear, ẹ má bínú, màá wá ẹlòmíì."

Bó ti jáde, Bàámi sọ fún ìyá mi pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á lọ jókòó ti irin.

Ó dúró de Sátidé sànítéṣọ̀n, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Mo rò pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ni. Iná wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó ní, "Àwòrán tó dáa wà nínú ẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ń bà á jẹ́. A máa fa wáyà tuntun látinú ẹ̀ lọ tààrà sí tẹlifísàn." Ó wá fi irin gbígbóná tó fi ń jó òjé lé mi lọ́wọ́. "Bí a ò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Èmi ni òòbẹ̀ ọ̀hún.

Ó fi ìka ka àwọn ẹsẹ̀ irin kéékèèké inú ẹ̀rọ náà, ó dúró lórí ẹyọ kan, ó ní kí n jó wáyà pupa mọ́ ọn. Wáyà mẹ́ta ló wà níwájú mi, orí wọn kejì ti wọ ihò tẹlifísàn: funfun, pupa, àti yẹ́lò. Mo jó o. A tan tẹlifísàn. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ó kàn ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò.

Bàámi ṣí fìlà, ó gbé e lé orókùn. "Ó tó báyìí," ó ní. "Mò ń lọ ṣọ́ irin."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Bàámi, ẹ̀yin lẹ ní pupa. Pupa náà ni mo jó, tó pupa bí ẹ̀jẹ̀."

Ó gbé orí sókè. "Bí ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Pupa bíi gàrí ni mo wí."

Lápá Ọ̀yọ́ tí Bàámi ti wá, gàrí tí wọ́n fi epo sí, pupa ni. Níléèwé mi, yẹ́lò ni, tíṣà á sì nà ọ́ tí o bá pè é ní nǹkan mìíràn. Bàámi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Mo tú u, mo jó yẹ́lò. Mo tan tẹlifísàn. Ojú ọ̀run inú gémù mọ́ roro, ó dà bí aró tuntun. Mo rí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan lórí igi. Mo rí ìlà tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù ògiri. Òkè ńlá wà lẹ́yìn ọkùnrin náà láti ọjọ́ yìí wá, èmi ò mọ̀! Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó dùn. Bàámi gbé ojú lé gíláàsì tẹlifísàn títí imú rẹ̀ fi kàn án, ó ní, "Kí lo rí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un, láti orí ìkúukùu dé orí bọ́tìnì ẹ̀wù ọkùnrin náà, n kò sinmi títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní títì.

Uncle Rámónì gbé mẹ́rin tó kù wá lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Bàámi sọ fún un pé, "Ọwọ́ Sìkírá ni, ojú rẹ̀ sì ni. Ẹnu nìkan ni tèmi." Ṣọ́ọ̀bù wa kò tì títí mo fi jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Bàámi ò ríran mọ́ rárá báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Tẹlifísàn ńlá kan wà ní pálọ̀ mi tó mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun ojú ẹni tó ń ka ìròyìn. Lálaalẹ́, ó máa ń jókòó tì mí níwájú rẹ̀, ó ń fi etí wò ó, èmi sì ń tẹ fóònù. Bó bá bi mí léèrè ohun tó ń lọ, "Kò sí nǹkan, Bàámi" ni mo máa ń sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni mí lọ́jọ́ gémù yẹn, mo sì ní ọ̀rọ̀ fún un ju báyìí lọ.