Aago Ọ̀fẹ́ Tó Wọlé Lọ́jọ́ Fìdáù

Aago kan wà lára ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀ mi ní Ìṣẹ́yìn níbí. Kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sójú kan láti ìgbà tí àwọn ìbejì mi ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn náà sì ti bímọ báyìí. Bí ọyẹ́ bá dé, màá nu eruku ara rẹ̀, màá fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn ló mú kí n kọ èyí. Ó wá bá mi ṣọdún Iléyá, inú ń bí i sí fóònù rẹ̀. Ó ra ìpara lórí ẹ̀rọ, wọ́n ní kó wọ ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà wọn, pé ọ̀fẹ́ ni oṣù àkọ́kọ́. Oṣù náà parí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un, wọ́n kàn ń yọ owó rẹ̀ ní báńkì lóṣooṣù.

"Màmá, n ò mọ ìgbà tí mo gbà fún wọn."

Mo wo ògiri. Mo ní, "Ẹni yẹn ti wá sílé wa rí, ìyá mi. Alùpùpù ló gùn wá."

Nígbà náà, àgbẹ̀ ni ọkọ mi, oko rẹ̀ wà lọ́nà Òtu, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wọ̀lú. Èmi máa ń lọ ra òrí ní Ṣakí àti Àgọ́-Àmọ̀dù wá tà. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ti ń dun Màmá, kì í jáde ní yàrá mọ́ bí kò bá nídìí. Àbúrò ọkọ mi náà ń bẹ. Èmi ò pe orúkọ rẹ̀ rí, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. "Ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é. Kékeré ló sì wà lóòótọ́ nígbà tí wọ́n gbé mi wálé. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un, tí mo ń pọ̀n ọ́n lọ sódò. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun, ó gbé òfì rẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Màmá.

Ẹni tó bá gbé Ìṣẹ́yìn rí mọ ìró òfì. Ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá, á lọ, á bọ̀. Ẹsẹ̀ á tẹ̀, ọwọ́ á fà. Kì-kọ̀, kì-kọ̀. Òwú gígùn á nà lọ níwájú ahunṣọ títí dé ìdí òkúta kan tó mú òpin rẹ̀ le. Bí aṣọ bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni òkúta á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá dé ẹsẹ̀ ahunṣọ, aṣọ parí.

Aṣọ ìyá rẹ̀ ló ń hun kẹ́yìn, aró dúdú tí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ là láàárín. Màmá ló kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú fèrèsé.

"Mo bí ahunṣọ, àǹkárá ni mo ń ró. Ayé ti dojú rú."

Á dá a lóhùn láì gbójú sókè. "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Òkúta ń bọ̀."

Àárọ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ó di alẹ́. "Òkúta dà?" "Ó ń bọ̀."

Ibà ló mú un. A rò pé ibà lásán ni. A gbé e dé ilé ìwòsàn, kò padà wálé lójú ayé. Òkúta náà wà láàárín àgbàlá, níbi tó dé, òwú sì nà gbọọrọ láti ìdí rẹ̀ dé orí òfì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì. Àwọn ọmọ adìẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló fẹ́ pa Màmá. Kì í sunkún. Á kàn kọjú sí fèrèsé, á tẹ́tí sílẹ̀. Mo gbé àmàlà lọ, ó tutù sórí ìjókòó. Mo po ẹ̀kọ gbígbóná, ó dì. Mo sọ fún ọkọ mi pé bí a ò bá ṣọ́ra, ilẹ̀ méjì la ó gbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí di ọjọ́ fìdáù, àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ààfáà ti jókòó. Ọ̀kan mú èlùbọ́ wá, òmíràn mú ẹní. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà, jàlàbíà funfun lọ́rùn rẹ̀. Ó kí wa kú ará fẹ́ra kù bí ẹni pé ó mọ òkú. Ó tú àpò, ó gbé aago onígi jáde.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Ẹ ó máa fi mọ àsìkò ìrun. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ báwo?" ọkọ mi bi í.

"Ọ̀fẹ́ bí afẹ́fẹ́, Baba Ìbejì. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sílé, kí ẹ wò ó bóyá ó bá yín lára mu."

Ààfáà àgbà ní ohun dáadáa ni. Ta ni yóò wá sọ pé ká má gbà á? Nílé tiwa, ohun tí wọ́n bá gbé wá kí ọlọ́fọ̀, a kì í dá a padà. Ẹni tó dá a padà ti ní kí ikú sin ẹni tó gbé e wá délé. Èlùbọ́ tó ti bu gan-an, a ó gbà á, a ó dúpẹ́. Mo rò ó títí lẹ́yìn náà: ọkùnrin yẹn mọ àṣà wa ju bí a ṣe rò lọ. Ó ti ní láti máa wá ilé tí wọ́n ti ń ṣe fìdáù.

Ó kàn án mọ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Màmá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lápò, ó fi yí inú aago náà títí ó fi le, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Mo rí i. Mi ò bi í.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ilé pa rọ́rọ́. Kì-kọ̀, kì-kọ̀, kì-kọ̀.

Màmá pè mí láti yàrá. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀.

"Ìyá Ìbejì, ta ló jókòó sídìí òfì?"

Mo ní, "Aago ni, Màmá. Aago tí wọ́n gbé wá."

Ó ní, "Gbé oúnjẹ wá." Ó jẹ ẹ́ tán. Ó sùn.

Láti ọjọ́ náà ó ń jẹun, ó ń sùn, ṣùgbọ́n aago náà gbọ́dọ̀ máa ró. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, á dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́ báyìí, Màmá á ní, "Ó ti dìde. Níbo ló lọ?" Kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́ títí aago á fi tún sọ̀rọ̀. Èmi náà, tí mo bá wà ní ìdí ààrò lójú ọ̀sán tí mo gbọ́ ọ, màá fẹ́ pe ọkọ mi kékeré wá jẹun. Màá ti la ẹnu kí n tó rántí.

Ọkùnrin aláago wá, ó yí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún wá, ó tún yí i lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó na ọwọ́.

"Owó kọ́kọ́rọ́, Ìyá Ìbejì."

"Ṣebí ẹ ní ọ̀fẹ́ ni?"

"Aago lọ̀fẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ilé tó bá ti gba aago ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń san owó kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin nìkan kọ́, wọ́n ń san án dé Tẹ̀dé."

"Ta ló sọ fún yín pé a wọ ẹgbẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́. "Ẹ gbà á, ẹ sì dúpẹ́."

Màmá ti ń bi léèrè láti inú yàrá pé níbo ló lọ. Mo san án.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. "Èmi ń bọ́ ewúrẹ́, ewúrẹ́ á bímọ fún mi. Ìwọ ń bọ́ aago. Kí ló fẹ́ bí fún ọ?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn, Ìyá Ẹlẹ́kọ."

"Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Aago tó ń jẹ òrí ni mi ò rí rí."

Òótọ́ ló sọ. Owó kọ́kọ́rọ́ ń lọ sókè. Bí mi ò bá ní owó lọ́wọ́, á gba òrí. Alágbẹ̀dẹ rọ kọ́kọ́rọ́ kan fún mi, kò wọ ihò rẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ tó ti oko dé. Ó ní, "Gbé aago rẹ̀ fún un, kó máa lọ."

"Kí n gbé ohun fìdáù padà? Kí Màmá má sì jẹun mọ́?"

Ó wolẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni, òun náà ń gbọ́ ìró yẹn. Ní gbogbo ìgbà tó bá sùn nílé, mo máa ń rí i tó jókòó nísàlẹ̀ aago láìṣe nǹkan kan.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan tí ọjà òrí kò tà. Aago ti dákẹ́. Ọkùnrin náà dé, ó wò mí, ó wo àgbàlá. Ó rìn lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó fi ìka pa aṣọ tó wà lórí òfì lára.

"Ẹ jẹ́ kí n gé èyí lọ. Odindi ọdún kan, ẹ ò ní gbọ́ owó kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu mi."

Aṣọ Màmá ni. Ìwọ̀nba tí ọmọ yẹn fi sílẹ̀ láyé nìyẹn.

"Ẹ lọ ná," mo ní. "Ẹ padà wá lọ́la."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Màmá ò jẹun. Láàárọ̀ ó ti kọjú sí ògiri, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rò ó pé bí mo bá yọ̀ǹda aṣọ, á gbọ́ ìró, á jẹun; bí mi ò bá yọ̀ǹda rẹ̀, mo lè sin Màmá. Lẹ́yìn náà mo rántí pé aago nìkan kọ́ ló ń ró bẹ́ẹ̀.

Mo lọ jókòó sídìí òfì.

Obìnrin kì í jókòó sídìí òfì ọkùnrin nígbà yẹn. Òfì tàwa obìnrin yàtọ̀, lóòró ló máa ń dúró lára ògiri. Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀ kalẹ̀. "Háà! Ṣé orí rẹ pé?" Mo ti ń wo ọmọ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Mo tẹ ẹsẹ̀, mo ju ọ̀kọ̀, mo fà. Kì-kọ̀. Òwú já. Mo so ó. Kì-kọ̀, kì. Ó tún já.

Ohùn Màmá gba ojú fèrèsé jáde. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ọwọ́ rẹ le jù. Má fa òwú bí ẹni ń fa ewúrẹ́."

Mo tún un ṣe. Mo gbọ́ tó ń wọ́ ara rẹ̀ bọ̀ lórí ẹní. Ó yọjú. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ọmọ mi ò sí níbẹ̀," ó ní.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá."

"Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ látọjọ́ tí aago yẹn ti wọlé. Òfì máa ń sinmi. Òwú á já, ahunṣọ á so ó, á wúkọ́, á mu omi. Ohun tó wà lára ògiri yẹn kì í sinmi."

"Kí ló dé tí ẹ ń bi mí pé níbo ló lọ?"

"Bó bá dákẹ́, màá rántí pé ó ti kú, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi. Ìwọ lò ń sanwó rẹ̀. Mo rò pé ìwọ tó o pọ̀n ọ́n lọ sódò, bóyá ìwọ lo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Mo gbé orí lé òfì.

Ọkùnrin aláago dé lọ́sàn-án, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti gé aṣọ. Màmá ní kí n gbé òun jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"A ò san owó kọ́kọ́rọ́ mọ́."

"Kò burú, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n gbé aago mi."

"Gbé e. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀fọ̀ ni. Ìwọ lo gbé e wá bá òkú mi. Bó o bá gbé e kúrò níbẹ̀, o mọ ohun tó ń tẹ̀lé ọ lọ. Ṣé o láyà?"

Ó na ọwọ́ sí ògiri. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, kò dé ara igi. Ó mọ àṣà náà, òun ló fi mú wa. Ó wo Màmá, ó wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ẹlẹ́kọ pariwo láti ìta. "Ọ̀fẹ́ ni o, ọ̀gá! Ọ̀fẹ́ bí afẹ́fẹ́!"

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Kò padà wá.

Màmá jókòó sójú fèrèsé, ó ń bú mi, mo ń hun ún títí òkúta fi dé ẹsẹ̀ mi. Ó ró aṣọ náà lọ́jọ́ Iléyá méjì kó tó lọ. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fi ọwọ́ pa á á mọ ibi tí ọwọ́ ti yí padà. Ti ọkọ mi kékeré ń dán, tèmi rí gbágungbàgun.

Ọmọ ọmọ mi ní òun á lọ bá báńkì kí wọ́n dí ihò owó náà pa. Ó ní kí n jẹ́ kí òun já aago yìí sílẹ̀ nígbà tí kò wúlò. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ti wó àtíbàbà náà tipẹ́, kò sí òfì kankan ládùúgbò wa mọ́. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, tí ilé pa rọ́rọ́, mo máa ń gbọ́ ọ. Kì-kọ̀, kì-kọ̀. Mi kì í yọjú wò ó. Màá kàn tẹ́tí sílẹ̀ títí á fi dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé òwú já, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti sinmi bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé aago kọ́.