Ẹni Tó Ń Hùn sí Ìtàn Táńtì

Òórùn ewé tí Táńtì máa ń dín ló kọ́kọ́ ń padà sí mi nímú bí mo bá rántí ìgbà tí mo ṣiṣẹ́ ní Djidjolé nílùú Lómè. Á da àwọn hóró dúdú wẹ́wẹ́ kan sínú òróró gbígbóná, wọ́n á máa ta pàù-pàù, á wá ju ewé náà lé e lórí, òórùn rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ bá àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Ìkòkò àti abọ́ ni ọkọ rẹ̀ ń tà. Ará Íńdíà ni àwọn méjèèjì. Pátírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá, là ń pe ọkọ, Táńtì là ń pe ìyàwó. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú báàkì, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, ni, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Totsi pé mo kàn ń sinmi díẹ̀ ni. Mo ka ìkòkò nínù sí iṣẹ́ tó rẹlẹ̀ sí mi, èmi tí báàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé padà wálé.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni Táńtì. Ó ti kọ ìwé ìtàn àròsọ mélòó kan ní èdè Kànnádà, èdè àwọn ará ìlú rẹ̀ ní gúúsù Íńdíà, òmíràn sì ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan lọ́hùn-ún. Ní gbogbo àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ àfi ọkọ rẹ̀, ọkọ náà kì í sì í kà á. Àwọn obìnrin tó ń rí i lójú fèrèsé pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ rò pé ìṣirò ọjà ló ń ṣe.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yà mí lẹ́nu. Bó bá kọ apá kan parí, kò ní fi ránṣẹ́ àfi tó bá kọ́kọ́ kà á sókè fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá náà kò mọ̀wé rárá. Ṣùgbọ́n nílùú wọn, bí ẹnì kan bá ń pìtàn, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa hùn sí i kí ó lè mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́, bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ìyá á máa ṣe "hùn, hùn" títí á fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti jóòótọ́. Níbẹ̀, á dákẹ́. Táńtì á fa ibẹ̀ ya, á tún un kọ.

Ìyá náà kú. Káàdì ìgbélùú Táńtì wà lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ tó ń tún un ṣe, kò sì lè rìnrìn àjò láìsí i; wọ́n ń ní kó padà wá lọ́la, lọ́túnla. Wọ́n ṣe òkú náà parí, ọmọ wà ní Lómè. Apá tó gbẹ̀yìn ìtàn ló kù nígbà náà, ìtàn obìnrin kan tó bá ọkọ rẹ̀ sọdá òkun, tí kò mọ̀ bóyá kí òun padà sílé. Olóòtú ìwé ìròyìn ti ní bí kò bá tètè dé, òun á fi ìtàn ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Táńtì á kọ, á fà á ya. Kò jẹun, kò dín ewé mọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Mo gbé omi lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n jókòó.

"Màá máa kà á," ó ní. "Ìwọ máa hùn."

"Táńtì, mi ò gbọ́ èdè yín o."

"Ṣáà máa hùn."

Mo hùn. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nírú ilé tiwa á mọ̀ pé mo hùn dáadáa. Ibi tó bá ti mí, mo ti hùn; mo ń mi orí, mo tilẹ̀ ń fi "ẹ kú iṣẹ́" kún un. Ó ka ìparí kan, ó ní èyí ni obìnrin náà ti dúró sí òkèèrè. Mo hùn. Ó ka òmíràn, ó ní èyí ni obìnrin náà ti padà sílé. Mo hùn bákan náà. Inú mi ń dùn bí ẹni tó yege báàkì, àfi bí mo ṣe rí omi lójú rẹ̀.

"Màmá mi máa ń dákẹ́," ó ní. "Ìwọ kì í dákẹ́."

"Ẹ má bínú, Táńtì. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ tó dákẹ́, ó ti bú àgbà náà nìyẹn."

"Èwo wá ni òótọ́ nínú méjèèjì?"

Láti ọjọ́ náà, ó ń pè mí lójoojúmọ́, mo sì ń fi ìbẹ̀rù hùn. Mo gbìyànjú láti dákẹ́ níbi tó bá yẹ, ta ló mọ ibi tó yẹ? Lọ́jọ́ kan, oorun ló gbé mi tí mo fi dákẹ́, ó sì fa gbogbo ohun tó kọ lọ́sẹ̀ náà ya. Mo sọ fún ìyá mi nílé. Òun náà kò fojú kan òkú ìyá rẹ̀ ní Ọ̀ffà, nítorí ẹnubodè wà ní títì nígbà náà. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ó ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Táńtì tún ń ka ibi tí obìnrin náà padà sílé. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ níbẹ̀. Kí n tó ráàyè ṣe tèmi, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Hùn."

Pátírọ̀n ló wá jẹun, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà ti ń sá fún ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ìyàwó òun gan-an ni ìtàn náà ń sọ. Táńtì kò wẹ̀yìn. Ó ń kà, ọkọ ń hùn, èmi tí mi ò gbọ́ nǹkan kan jókòó sáàárín wọn, mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí. Nígbà tó parí, ọkọ sọ gbólóhùn méjì ní èdè wọn, ó sì padà sísàlẹ̀ láìjẹun. Táńtì ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Òótọ́ ni. Fi ránṣẹ́."

Nígbà tí káàdì rẹ̀ jáde, ọkọ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún un. "Màá tètè dé," Táńtì sọ fún mi, ó sì dì mọ́ mi.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí ní Attiégou, ìkòkò náà ni mò ń tà. Táńtì kò tíì dé. Ó ń kọ ìwé mìíràn. Bó bá parí apá kan, á kà á sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á fi "hùn" mi ránṣẹ́ padà. Èmi nìkan ló ń fi í ránṣẹ́ sí, mo sì rò pé ó mọ̀ pé màá gbé e lọ sí Djidjolé. Pátírọ̀n ti hewú. Á pa rédíò, á fa àga fún mi, a ó jọ gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń hùn lọ bó ṣe ń ṣe, àfi ibì kan tó dákẹ́. Ohùn Táńtì ṣì ń kàwé lọ.

"Pátírọ̀n, ṣé kò jóòótọ́ níbẹ̀ ni?"

"Òótọ́ ni," ó ní. "Obìnrin inú ìwé yìí ní òun ò ní padà sọ́dọ̀ ọkọ òun mọ́."

Ó dìde, ó lọ ń to abọ́ tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú Táńtì náà sì ṣe mí. Mo gbé fóònù sẹ́nu láti hùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, mi ò lè hùn. Mo fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ariwo kẹ̀kẹ́ Djidjolé nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó mọ ohun tí ìdákẹ́ ń sọ. Bóyá á fa ibẹ̀ ya. Bóyá á tún un kọ.