Igi Tó Ń Yí Lẹ́yìn Oko Àgbàdo

Èmi ni mo jù ú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Kambolé, ìlú wa, gbọ́ ọ bí ẹni pé igi ló jẹ̀bi, ẹnu mi ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ. Igi kò jẹ̀bi. Ọmọ tó gbẹ́ ẹ kò jẹ̀bi.

Ariwo ẹ̀rọ kan ló máa ń rán mi létí. Alùpùpù ni mo fi ń gbé èrò nílùú Sokodé, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní sémíjàn, kò sì sí ọjọ́ Àìkú tí mi ò ní gbé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ọgbà eré tuntun tí gbogbo wa ń pè ní parc. Kí o tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wàá ti máa gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ilé rọ́bà ńlá tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀: wùùù, láì sinmi, bí ẹni tí inú ń bí tí kò sì fẹ́ sọ ìdí. Láàárín ariwo yẹn, ọmọ kan á ké lórí manège, ẹ̀rọ ẹlẹ́ṣin tó ń yí po. Igbe ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n igbe mìíràn ni etí mi ń gbọ́. Kíá ni mo máa ń yí alùpùpù mi padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ahun ni mí, pé owó ìwọlé ni mò ń sá fún. Kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Mi ò fẹ́ràn ọgbà náà. Mo ti wọ inú rẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Apá kan wà tí wọ́n ṣe bí igbó, tòun ti kìnnìún sìmẹ́ǹtì tí etí rẹ̀ kan ti já, àti igi tí ewé rẹ̀ jẹ́ ike. Oòrùn inú igbó yẹn burú ju ti ojú títì lọ, torí pé àwọn igi tó ń ṣíji bo ènìyàn ni wọ́n gé kí wọ́n tó rí àyè ri ti ike mọ́lẹ̀. Wọ́n tún ní ilé ẹ̀rù kan. Ó ṣókùnkùn, wọ́n ya egungun sára ògiri, ẹ̀rọ kan sì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ̀rín kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Manège ló wà láàárín, ọkùnrin kan tó fi fèrè há ẹnu sì ń lé àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo. Òórùn rọ́bà gbígbóná àti ti ẹsẹ̀ ọmọ ló gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọ á wọlé, á jáde, kò ní mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ rò pé kò sí parc ní Kambolé nígbà tiwa, a ní o. A ní in lẹ́yìn oko àgbàdo bàbá Séídù.

Séídù ni ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ odó, kò sì sí ilé kan ní Kambolé, títí dé àwọn abúlé Bago, tí wọ́n ti ń gún iyán tí o kò ní bá odó Bàbá Séídù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó àgbàdo tán, tí iṣu ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè, ilẹ̀ oko yẹn á di ti àwa ọmọdé. Bí ẹ bá ti ìhà ilé wá, ibi ìyọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ bíríkì. A máa ń da omi sí i, a ó jókòó sínú abọ́ ike, ó di ìsàlẹ̀. Ìyá mi wá abọ́ ìfọṣọ rẹ̀ títí, ó fi àwọn Kotokólì tó ń kiri ọjà sùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀nà Lomé, tí a fi eérú là, tí a ń wa ọkọ̀ agolo lórí rẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá bí kò bá jẹ ẹ̀pà, àwọn àgbà tó bá ń kọjá sì máa ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwa náà ní ilé iwin. Pòròpórò àgbàdo la fi kọ́ ọ, inú rẹ̀ dúdú bí ìkòkò. Àbúrò Séídù obìnrin ni iwin. Ó yẹ kó máa já ẹni tó bá wọlé léèékánná, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òkùnkùn a máa kọ́kọ́ ba òun fúnra rẹ̀, a ó sì rí iwin tó ń sunkún sáré jáde, tí àwọn tó wá kí ẹ̀rù lè bà wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ̀rọ Sokodé yẹn kò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé.

Olórí gbogbo rẹ̀ ni igi tó ń yí. Séídù ló gbẹ́ ẹ. Ó gbẹ́ orí kùkùté kan ṣóńṣó, ó wá igi gígùn kan, ó dá ihò sí i láàárín bí bàbá rẹ̀ ṣe ń dá ihò odó, a sì gbé e lé kùkùté náà. Bàbá rẹ̀ wá wò ó, ó ki ìka bọ ihò náà, ó ní, "Ó dára." Láti ẹnu ọkùnrin yẹn, ìwé ẹ̀rí ni. Ilá tí a jí nílé ìdáná la máa ń gún sínú ihò kó lè máa yọ̀. Ẹni tó ń gùn á jókòó sí ìdí kan, ẹni tó ń tì á fi àyà lé ìdí kejì, á máa sáré po. Òfin méjì péré ló wà níbẹ̀. Èkíní, má jù ú sílẹ̀: ara ẹni tó ń tì ló gbé ẹni tó ń gùn sókè, tó bá jù ú sílẹ̀ nígbà tí igi ń yí, ìdí tí ẹni tó ń gùn wà á já lulẹ̀, igi á fò yọ. Èkejì ni pé ẹni tó bá gùn gbọ́dọ̀ ti ẹni tó tì í. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọn lórí, lọ́jọ́ kejì òun ni yóò kọ́kọ́ tì. Àwọn ìyá wa pàápàá mọ òfin yìí. Bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, tó ní, "Mo jẹ gbèsè ìtì," wọ́n á ní kó lọ san án kó tó wá.

Ibi tí mo bà á jẹ́ sí rèé.

Ọdún kan, àbúrò ìyá mi tó ń ta iṣu ní Tchamba mú mi lọ ṣe Iléyá lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gbé manège wá sí pápá ẹ̀gbẹ́ ọjà. Irin ni, pẹ̀lú ẹṣin páànù, àwọn géńdé sì ń fi ọwọ́ tì í, òógùn ń ro wọn lójú. Òórùn bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ẹran yíyan. Nínú pápá yẹn náà, onífọ́tò kan na aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú sí, mo dúró níwájú rẹ̀, mo wọ bàtà àbúrò ìyá mi, wọ́n ya mí bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà. Ariwo tibẹ̀ dùn mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló dà bí ọlá lójú mi.

Mo gun ẹṣin. Nígbà tó dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì lọ sẹ́yìn láti tì. Mi ò tilẹ̀ rò ó, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ. Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà fi èdè Tem bú mi, nígbà tí mi ò gbọ́, ó fi Faransé lé mi. Àbúrò ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "Ará oko, o ti sanwó. Ẹni tó bá sanwó kì í tì."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu bí aṣọ ọdún. Mo gbé e dé Kambolé.

Mi ò sinmi ẹnu. Tchamba báyìí, Tchamba bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ibi tí ojú ti là, jíjókòó ni ènìyàn ń jókòó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn kí wọ́n sì sá lọ láì tì. Ìjà ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n fa ilé iwin ya nínú ọ̀kan. Séídù ló ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kò sì wo ojú mi mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ gùn, Séídù sì tì mí dáadáa, láì ṣe àrékérekè. Igi dúró. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbọn eruku aṣọ mi, mo ń bá tèmi lọ.

"Ó ku tèmi," ni Séídù wí.

Mo ní ní Tchamba, ẹni tó bá jókòó kì í tì.

"Ṣé Tchamba nìyí?"

"Tchamba kọ́. Níbí, odó tó dùbúlẹ̀ la máa ń gùn."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Séídù àti bàbá rẹ̀ tó ń gbẹ́ odó ni ọ̀rọ̀ yẹn bá. Séídù kò pariwo. Ó gun igi, ó jókòó, ó ní, "Wá tì mí, ará Tchamba. Ṣebí bàtà oníbàtà lo wọ̀ ya fọ́tò, tí o ń wọ́ ẹsẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ."

Èmi náà ni mo fi fọ́tò hàn wọ́n, bàtà náà sì tóbi lóòótọ́. Ẹ̀rín ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, orí mi ni gbogbo rẹ̀ sì dà lé. Mo fi àyà lé igi, mo sáré. Kì í ṣe ìtì eré ni mò ń tì. Ilá ọjọ́ yẹn tutù, igi ń yí bí òkòtó.

"Ó tó," ni Séídù wí. Lẹ́yìn náà: "Ó tó, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Mo gbọ́. Mo jù ú sílẹ̀.

Apá ọ̀tún ni Séídù fi gba ilẹ̀. Nígbà tí Bàbá Séídù dé, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó yíjú sí mi, ó fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní igi ló yọ. Mo ní ihò rẹ̀ kò jìn tó.

Ọkùnrin yẹn kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ki ìka bọ ihò náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ṣebí òun ló ti sọ pé ó dára. Kò bá mi wí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n gbé Séídù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Bago, òun fúnra rẹ̀ gbé àáké, ó la igi náà wẹ́wẹ́, ó kó o fún àwọn ìyàwó ilé láti fi dáná. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá yin odó rẹ̀, á ní kí wọ́n má yin òun, igi òun ti ṣe ọmọ òun léṣe rí.

Eegun náà jinná, ṣùgbọ́n apá kò nà tán mọ́. Irú apá bẹ́ẹ̀ kò lè gbẹ́ odó. Iṣẹ́ ilé wọn dúró sórí bàbá.

Mo kúrò ní ilé ìwé láìpẹ́ sí i, mo wá sí Sokodé. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré dá mi dúró níbi tí ọkọ̀ Tchamba ń já èrò sí. Mi ò mọ ojú rẹ̀. Ọwọ́ tó nà sí mi ni mo mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún tí kò nà tán.

"Parc," ó wí. Bẹ́ẹ̀ péré ni, bí ẹni tí kò rí mi rí.

Mo gbé wọn lọ, mo sì tẹ̀ lé wọn wọlé láì jẹ́ pé ó pè mí. Ọmọ náà gun manège, ó ń ké tayọ̀tayọ̀. Séídù ń wò ó.

"Ta ló ń tì í?" ó bi mí.

Mo ní ẹ̀rọ ni.

"Abájọ tí wọn ò fi wo ara wọn lójú."

Mo ní, "Séídù, igi yẹn dára. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Orí ẹ̀ ni mo jókòó sí."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní òun sọ ọ́, àìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n bàbá rò pé ṣe ni ọmọ kàn ń tu bàbá rẹ̀ nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ tí kò nà yẹn sókè.

"Má bẹ̀ mí. Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń fi ìka wọn ihò odó, á tún un wọ̀n, kó tó gbà kí wọ́n gbé e lọ. Òun ni kí o lọ bá."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbé wọn padà, ó ní òun á wá sémíjàn mìíràn.

Oko àgbàdo yẹn ti di ilé báyìí. Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ọmọ Kambolé ń dì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù lọ wo manège Tchamba, àwọn tó lówó díẹ̀ ń dé Sokodé. Mi ò bá wọn jà. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ́ wọn pé ẹni tó jókòó kì í tì. Kùkùté náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ ọn, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì ṣì ń dán, bí Séídù ṣe gbẹ́ ẹ.

Mo rí kùkùté náà ní Iléyá tó kọjá, lẹ́yìn tí Séídù ti bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá Séídù jókòó lẹ́bàá rẹ̀, odó tí kò tíì gbẹ́ tán wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kí i láti ojú ọ̀nà láì pa ẹ̀rọ alùpùpù mi. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo kọjá lọ.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbí nìyẹn, pé igi náà dára, ihò rẹ̀ jìn tó, ọwọ́ tó kọ́ Séídù níṣẹ́ kò ṣàṣìṣe. Ẹ̀yin ti kà á. Ṣùgbọ́n Bàbá Séídù kò mọ̀wé kà, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo kọ yìí kò tíì san nǹkan kan nínú gbèsè mi.