Àǹtí Gbé-e-Sókè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Àǹtí Gbé-e-Sókè jẹ́, ẹ má bi àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ni kí ẹ bi. Ó ti bí mi nínú rí débi pé mo fá orí oníbàárà kan kodoro, ẹni tó ní kí n kàn gé e mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni mò ń rò lọ́kàn. Onígbàjámọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà.

Inú kíláàsì ni orúkọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti fún àwọn ọmọ ní ìṣirò, kì í rìn láti orí bẹ́ǹṣì kan dé òmíràn. Á kàn ní, "Gbé e sókè!" Gbogbo síléètì á lọ sókè, kálukú á sì rí ti ẹnì kejì rẹ̀. Ó ní ìdáhùn tí èèyàn ò bá lè gbé sókè, kò dá a lójú ni. Nígbà tí ìjọba wá ń mú àwọn tíṣà láti máa bójú tó ibùdó ìdìbò, ó gbé ìwà náà dé ìdí àpótí ìbò. Níbòmíràn, àwọn òṣìṣẹ́ á dorí kodò, wọ́n á máa ka ìwé sínú, kí ó tó pẹ́ ariwo á ti sọ. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá mú ìwé ìbò kan jáde, á tú u, á gbé e sókè, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á pe orúkọ ẹgbẹ́ tó ni ín, gbogbo èrò tó dúró lẹ́yìn okùn á sì máa bá a kà á. Ó máa ń pẹ́. Ebi á máa pa wá, a ó máa kùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, a ò ju òkúta mọ́ lẹ́yìn ìbò ní àdúgbò wa, bẹ́ẹ̀ a mọ òkúta jù tẹ́lẹ̀ dáadáa.

Wàhálà dé lọ́dún tí àbúrò rẹ̀, Mẹkáníìkì, jáde du ipò kánsílọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Àǹtí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Káfíńtà ni wọ́n jọ ń du ipò náà. Kékeré ni Káfíńtà wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ilé ìyá Àǹtí ló sì ti ń jẹun, orí ẹní kan náà lòun àti Mẹkáníìkì jọ ń sùn. Òṣèlú ló yà wọ́n. Nígbà tí ìbò fi máa dé, "ẹ ǹlẹ́ o" láti òdìkejì títì ló kù láàárín wọn.

Àǹtí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ibùdó mìíràn, torí ọmọ ìyá òun wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mọ ẹni tó kọ̀? Ẹgbẹ́ Káfíńtà ló kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní bí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, àwọn ò ní gba èsì. Àwa ẹgbẹ́ Mẹkáníìkì náà yára fọwọ́ sí i, inú wa sì ń dùn lábẹ́lẹ̀, a ní ẹ̀gbọ́n ò ní wòran kí àbúrò jìn sí kòtò. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ wa nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà.

Ìbò lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Màmá, ìyá Àǹtí, wá pẹ̀lú ọ̀pá wọn, èrò sì yà fún wọn. Wọ́n wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ju ìwé wọn sínú àpótí, wọ́n sì gba ilé lọ.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìròyìn ti dé láti àwọn ibùdó yòókù pé àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tiwa ló máa là á. Àǹtí ń gbé e sókè, à ń kà. Láàárín kan, ó gbé ìwé kan sókè, kò sì pe orúkọ ẹgbẹ́ kankan. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Àmì ìka méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan dúdú kirimú lórí ẹgbẹ́ wa, èkejì fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ti Káfíńtà.

"Íńkì ló ràn mọ́ ọn!" ni mo pariwo. "Nígbà tí wọ́n ká a ni íńkì tiwa kàn án!"

Kò bá mi jà. Ó ká ìwé náà lójú gbogbo wa, níbi tí ẹni tó dì í ti ká a gan-an. Àmì méjèèjì ò pàdé.

"Ó ti bàjẹ́," ló wí, ó sì yà á sọ́tọ̀.

Nígbà tí àpótí gbẹ, Káfíńtà fi ẹyọ ìbò kan ṣoṣo jù wá lọ. Bí ìwé yẹn bá wọlé, a ó ta ọ̀mì, wọn á sì tún ìbò náà dì. Mo gbá tábìlì. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ sún mọ́ okùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

Àǹtí tún gbé ìwé náà sókè.

"Mo ti wò ó. Àmì méjì ló wà níbẹ̀."

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti rí èyí tó gbẹ́ ẹ, ìdí tábìlì ni mo jókòó sí.

Báyìí ni Káfíńtà ṣe di kánsílọ̀. Mẹkáníìkì ò wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Mọ́tò ògbólógbòó tí Àǹtí ní, tó jẹ́ pé Mẹkáníìkì nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kú sí iwájú ilé, kò wò ó. Àǹtí wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Láràárọ̀ ni yóò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, yóò kí i. Orí Mẹkáníìkì á ti wà nínú ẹ́ńjìnnì, kò ní gbé e. Lọ́la, á tún kí i. Àǹtí rù. Èmi náà ò kí i, ẹnu mi ò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó yá, Màmá pe àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kí èmi náà wá, torí ẹnu mi ló ń fẹ́ iná náà. A jókòó sí pálọ̀ wọn, níbi tí fáànù tí kì í yíjú ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ ti ń fẹ́ Àǹtí nìkan.

"Mo bí yín méjèèjì, mi ò tíì kú," ni Màmá wí. "Kí ló dé?"

"Màámi, ẹ bi Àǹtí mi," ni Mẹkáníìkì dáhùn. "Ìwé ìbò kan péré! Wọ́n mú un, wọ́n jù ú nù. Ọmọ ìyá mi o!"

"Ìwé wo?"

"Èyí tó ní àmì méjì, Màmá," ni mo gbà á sọ. "Ọ̀kan dúdú lórí tiwa, èkejì fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ti Káfíńtà."

Màmá gbójú sókè.

"Ìwé mi nìyẹn."

Màmá kọjú sí ọmọ wọn ọkùnrin.

"Mo kọ́kọ́ tẹ tìẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, kó lè hàn. Ìgbà tí mo fẹ́ ká a, mo rí i pé kò sí nǹkan kan lórí tọmọ yẹn. Ìyá ẹ̀ ti kú. Ta ni ì bá tẹ̀ ẹ́ fún un?"

Mẹkáníìkì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò ya ìyẹn lẹ́nu. Ilẹ̀ ni Àǹtí ń wò.

"Àǹtí mi, ẹ mọ̀?"

"Àpá ọ̀bẹ wà ní àtàǹpàkò Màámi láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí mo ṣe gbé ìwé náà sókè ni mo rí àpá náà lára àmì ìka."

"Ẹ ò sì sọ fún mi? Látọjọ́ tí mo ti ń bínú yìí?"

"Ìbò Màámi ni. Tó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíì ni, ṣé màá máa rò ó káàkiri?"

Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Gbogbo ìwé tó kọjá lọ́wọ́ obìnrin yìí ló gbé sókè fún wa. Ẹni tó ni ìwé yẹn nìkan ni kò gbé sókè, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé wọn ò wá ka ìbò mi ni?" ni Màmá bi wá.

"Wọn ò kà á, Màámi," ni Àǹtí fèsì. "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ka fún."

Màmá mirí.

"Ó jọ pé ẹni tó ṣòfin yẹn ò bí ju ọmọ kan lọ."

Ẹ̀rín gba ẹnu gbogbo wa, Àǹtí tilẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Mẹkáníìkì dìde, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín."

Ó gbà á, ó jáde. Èmi tẹ̀ lé e, mo rò pé ìdí mọ́tò ló ń lọ. Ó kọjá lára mọ́tò, ó sọdá títì, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Káfíńtà ń kan ìṣó lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró, ó di òòlù mú, ó ń wò ó.

"Kánsílọ̀," ni Mẹkáníìkì wí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rán an, "Màámi wa ní kí o wá."