Bí Ègùn Bàámi Ṣe Máa Ga Tó

Òórùn igi tútù ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan n'Íkòròdú gbé mi padà sínú igbó Ẹ̀pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàámi fẹ́ so ègùn, ìjókòó ọdẹ lórí igi, láti fi dẹ àgbọ̀nrín. Ó ní kí n gungi, kí n wá ibi tí màá ti rí etí odò.

Àbúrò rẹ̀ tó bá wa lọ fárígá. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin kì í gun igi ọdẹ. Ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀."

Mo tún gun ẹ̀ka kan sí i.

"Ṣé o rí i?" Bàámi ló bi mí.

"Mo rí i, títí kan ojú ẹsẹ̀ ẹran."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú bàámi kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà.

"Sọ̀ kalẹ̀," àbúrò rẹ̀ tún pàṣẹ.

Mo nawọ́ sí bàámi. "Ẹ ju okùn sí mi. Ibí la máa so ègùn mọ́."