Kóòṣì Ní Kí Wọ́n Na Aṣọ́lé Wọn

Bọ́sẹ̀ ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ojú kan ló fi ń wo fóònù, èkejì ti wú dí.

Nírọ̀lẹ́ òní, wọ́n na àwọn ọmọbìnrin wa nínú bọ́ọ̀lù ní pápá àdúgbò Plateau. Rafia tó ń ṣọ́lé ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Mo wà níbẹ̀.

Kóòṣì wọn fa pàṣán yọ. Ó ní, "Kí kálukú yín na Rafia lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ti jọ na èèyàn, ẹ ó di ọ̀kan."

Bọ́sẹ̀ ni olórí wọn. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò ní nà án. Gbogbo wa la jọ pàdánù."

Kóòṣì fi pàṣán na Bọ́sẹ̀ lójú.

Ni gbogbo wọn bá dà bo kóòṣì. Wọ́n gbé e ṣubú, wọ́n ń fi bàtà bọ́ọ̀lù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú rẹ̀. Ó ń pè mí: "Ìyá àgbà, ẹ gbà mí."

Mo ní, "Ṣé o ò fẹ́ kí wọ́n di ọ̀kan mọ́ ni?"

Mi ò yára dìde. Ìgbà tí eyín rẹ̀ kan já ni mo tó lé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi níbí, Bọ́sẹ̀ á kà á fún mi.

Rafia ti sá lọ sílé wọn ní Boni, ó ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Àwọn yòókù ní bí kò bá sí i, àwọn náà ò gbá. Ẹni tó bá ń lọ Boni lọ́la, kó sọ fún ìyá Rafia pé kò sẹ́ni tó na ọmọ rẹ̀, kó jẹ́ kó padà wá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún ìyá kóòṣì kó wá mú ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi ló jókòó sí, ó ń fi omi gbígbóná tẹ imú.