Omidùn Ìyá Ológì

Lánàá, obìnrin tó ń gbé òkè ilé mi sẹ́ ògì. Òórùn omidùn, omi kíkan orí ògì yẹn, gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì gbé mi padà sí agboolé wa ní Olówógbowó.

Ibà ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Alábàárù ni wọ́n ní ọjà Sandgrouse. Bí wọn ò bá rù, a ò ní jẹ. Gàrí ti gbówó lórí, ìyá mi kì í sì í tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ta omidùn, nítorí náà wọ́n ní kí n lọ bù ú wá lọ́dọ̀ Ìyá Ológì inú agboolé wa, kí wọ́n fi rẹ àgbo ibà bàbá mi.

Ìyá Ológì ki ọwọ́ bọ ìkòkò, wọ́n rú u pọ̀, wọ́n sì bù ú kún abọ́ mi. Inú bí mi.

“Ìyá, ẹ ti rú u! Ògì ti wọ inú ẹ̀.”

“Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, ọmọ mi. Ní kí ìyá ẹ má bínú.”

Ó pẹ́ kí n tó rántí pé Ìyá Ológì yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún gbogbo àgbà agboolé wa.

Ìyá mi wo inú abọ́ náà títí. Nígbà tó tòrò, wọ́n da omi rẹ̀ sórí àgbo, wọ́n sì fi ògì tó wà nísàlẹ̀ po ẹ̀kọ gbígbóná. Bàbá mi dìde jókòó, wọ́n mu ún tán, òógùn bò wọ́n.

“Alihamudu lilahi,” ni wọ́n wí.

Ìyá mi jáde, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ológì.

“Dìde jàre,” ni Ìyá Ológì dáhùn. “Ṣé torí omidùn lásán?”